Ẹja sámọ̀n, omi gbígbóná àti ọwọ́ ọmọ ènìyàn: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí l'Ádó-Èkìtì

Ẹja àrọ̀ ni mò ń sìn nítòsí Adó-Èkìtì, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí, mo sì máa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ sámọ̀n wọ àárín wa lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn gbé fóònù wá, tó ní kí n wo ẹja tó ń fò sókè lójú omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wò ó, kí ni eléyìí ń wá lókè?" Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kà nípa ẹja yìí, mi ò sì tíì kà á tán. Ìbéèrè àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, ti àwọn oníbàárà àti ti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ni mo kó jọ síbí.

Ṣé ẹja títù náà ni sámọ̀n?

Rárá o. Títù tí à ń rà nínú yìnyín, inú òkun ni wọ́n bí i sí, inú òkun ló ń gbé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kó o. Ilé méjì ni sámọ̀n ní. Inú odò tó mọ́ tó sì tutù ni ìyá rẹ̀ ń yé ẹyin sí, láàárín òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ omi. Nígbà tí ọmọ bá jáde tó sì dàgbà díẹ̀, á bá ìṣàn omi lọ sí òkun. Á lo ọdún kan, méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀, á jẹun, á sanra. Tí àsìkò àtiyé ẹyin bá tó, á kúrò lókun, á sì padà sínú odò tí wọ́n bí i sí.

Ẹ̀yà kan ṣoṣo ló wà ní Òkun Àtìláńtíìkì. Ní Pàsífíìkì, wọ́n ní chinook, sockeye, coho, chum àti pink, wọ́n sì tún ní masu lápá Éṣíà. Àwọn márùn-ún tí mo kọ́kọ́ dárúkọ yẹn kì í yé ẹyin lẹ́ẹ̀mejì láyé wọn. Bí wọ́n bá ti yé e tán, wọ́n á kú síbẹ̀. Ti Àtìláńtíìkì lè yè é, kó padà sókun, kó sì tún wá lọ́dún mìíràn. Àwa máa ń sọ pé ilé làbọ̀ sinmi oko. Sámọ̀n ń bọ̀ wálé wá kú ni, kí ọmọ rẹ̀ lè rí ayé wá.

Ṣé a lè sìn ín l'Ékìtì?

Kò ṣeé ṣe nínú adágún ilé wa. Omi adágún mi máa ń kọjá 28°C lọ́sàn-án ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyẹn sì bá àrọ̀ lára mu. Sámọ̀n kò lè fara da irú rẹ̀. Ẹnì kan bi mí pé, "Omi tútù Ìkògòsì ńkọ́?" Ọwọ́ wa ni omi yẹn tutù sí, nítorí pé omi gbígbóná ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi tí sámọ̀n ń pè ní tútù, tí ẹ bá ki ẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀, ẹ ò ní pẹ́ yọ ọ́.

Báwo ló ṣe ń mọ ọ̀nà ilé?

Imú ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ní kékeré rẹ̀ ni òórùn odò rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára, òórùn òkúta ibẹ̀, ti ewé tó ń já sínú omi, ti ilẹ̀ tí omi náà gbà kọjá. Lójú agbami, níbi tí òórùn yẹn kò lè dé, àwọn onímọ̀ rí i pé agbára òòfà tó wà nínú ilẹ̀ ayé ló ń tọ́ ọ sọ́nà. Òòfà á mú un dé ẹnu odò, imú á wá mú un dé ilé.

Ẹ fojú inú wo ẹni tí wọ́n bí l'Ígèdè-Èkìtì níbi tí odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Ó tẹ̀lé Ọ̀ṣun dé ọ̀sà, ó wọ òkun, ó ṣe àtìpó níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ó sì tún gba inú Ọ̀ṣun kan náà padà wá sí Ìgèdè láìbi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà. Ohun tí sámọ̀n ń ṣe nìyẹn.

Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ wà náà ni ewu rẹ̀ wà. Ẹja tó mọ ilé kan ṣoṣo, bí ilé náà bá bàjẹ́, kò mọ ibòmíràn. Àwọn díẹ̀ máa ń ṣìnà, wọ́n á sì sọ odò tuntun di ilé, oore ńlá sì nìyẹn jẹ́ fún ìran wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó pọ̀ jù á lọ títí wọn á fi forí sọ ohun tí ènìyàn fi dí ọ̀nà.

Kí ló dé tí ooru díẹ̀ fi ń pa á?

Ohun tí ojú mi rí ló jẹ́ kí èyí tètè yé mi. Ní oṣù kẹta ọdún kan, òjò kọ̀ kò rọ̀, oòrùn mú, omi adágún sì fà. Mo jí láàárọ̀ mo bá ẹ̀pìyà tó léfòó, funfun báláú. Àrọ̀ tó wà ní adágún kejì kò kú. Wọ́n ń yọ ẹnu sókè, wọ́n ń gbé afẹ́fẹ́ mì. Ọlọ́run fún àrọ̀ ní ohun tó fi lè mí afẹ́fẹ́ òkè. Ẹ̀pìyà kò ní in, sámọ̀n náà kò sì ní in.

Omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀ sínú. Ní àkókò kan náà, ara ẹja tó wà nínú ooru ń béèrè ọ́síjìn jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Owó ń dín, ìnáwó ń pọ̀. Ti sámọ̀n wá burú jù, nítorí pé kì í jẹun mọ́ láti ìgbà tó bá ti wọ odò tó ń gùn ún lọ sílé. Ọ̀rá tó kó bọ̀ láti òkun ni gbogbo oúnjẹ ìrìnàjò rẹ̀. Omi gbígbóná á jẹ ọ̀rá náà tán lójú ọ̀nà. Bí omi bá ti kọjá nǹkan bí 20°C, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yá mọ́: á dúró, á máa wá ibi tó tutù. Àìsàn tí kò lè gbé e ṣánlẹ̀ nínú omi tútù á wá rí i gbé ṣánlẹ̀. Ti ẹyin tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ooru tí àgbà lè yè é ti pọ̀ jù fún ẹyin.

Lọ́dún 2015, yìnyín orí òkè, èyí tó máa ń yọ́ di omi odò, kéré ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, oòrùn sì mú gan-an. Ó lé ní 250,000 sockeye tó kú nínú odò Columbia àti àwọn odò tó ń ṣàn sínú rẹ̀. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń bọ̀ wálé lọ́dún náà nìyẹn.

A ò ṣe ní sọ pé ooru ló pa wọ́n, kí ọ̀rọ̀ parí?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé òun ló mú mi kọ gbogbo èyí.

Sámọ̀n ti wà láyé tipẹ́tipẹ́. Ó ti rí ìgbà ooru, ó ti rí ìgbà tí yìnyín bo ilẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó la gbogbo rẹ̀ já ni pé ó ní ibi tó lè sá sí. Bí odò ńlá bá gbóná, á yà sínú odò kékeré tó tutù. Bí ìsàlẹ̀ odò bá gbóná, á gun òkè lọ. Bí oòrùn bá mú, á wọ abẹ́ òjìji igi tàbí kòtò omi jíjìn. Àwa ènìyàn la wá ti àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn. Dáàmù dí òkè, oko fa omi odò kékeré gbẹ, igi etí odò di pákó, kòtò omi jíjìn sì kún fún yanrìn. Nígbà náà ni ooru dé. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ látìta, iná nìkan kọ́ ló pa á.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní odò Klamath, ní Kalifọ́níà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002. Ọ̀dá wà lọ́dún náà. Omi tó kù, wọ́n fa púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ sí oko òkè odò. Àwọn dáàmù sì dúró lójú odò náà. Èyí tó ṣẹ́ kù fún ẹja kéré, ó sì gbóná. Sámọ̀n tó ń ti òkun bọ̀ rọ́ gìdìgìdì jọ síbi kan ní ìsàlẹ̀ odò, wọn ò lè lọ síwájú. Àìsàn tó ń bá ẹja jà níbi tí wọ́n bá ti fún mọ́ra wọ àárín wọn, bí ìgbà tí onígbáméjì bá wọ yàrá tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn sùn sí. Ó lé ní 30,000 tó kú láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n tó yé ẹyin kankan.

Ta ló pa wọ́n? Ọ̀dá ni? Omi oko ni? Dáàmù ni? Àìsàn ni? Mú ẹyọ kan kúrò níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n yè. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi dùn tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ní "àyípadà ojú ọjọ́ ni" tó sì káwọ́ gbera, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kò kan ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Kí ni dáàmù ń ṣe fún omi gan-an, yàtọ̀ sí pé ó dí ọ̀nà?

Ó ń dá omi dúró sójú oòrùn. Odò tó ń sáré kò ní àyè àtigbóná bí adágún tó dùbúlẹ̀. Ọmọ sámọ̀n tó ń lọ sókun, tí ìṣàn omi ì bá ti tètè gbé lọ, á wá máa lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún gbọọrọ, níbi tí àwọn ẹja ńlá ti ń dúró dè é. Ẹ̀rọ tó ń fi omi ṣe iná mànàmáná náà ń pa nínú wọn.

Àwọn kan kọ́ àtẹ̀gùn omi sí ẹ̀gbẹ́ dáàmù kí ẹja lè máa fò gòkè. Bonneville lórí odò Columbia ní irú rẹ̀ láti ọdún 1938. Wọ́n parí Grand Coulee lókè odò kan náà lọ́dún 1942, wọn kò sì kọ́ àtẹ̀gùn kankan sí i. Gbogbo odò tó wà lókè rẹ̀ di ilé tí onílé kò lè wọ̀ mọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti èkejì náà. Dáàmù tó ga, omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù. Ní Idaho, ìpínlẹ̀ kan l'Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń tú omi tútù láti ìsàlẹ̀ dáàmù Dworshak nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti fi tu odò Snake lára. Ṣùgbọ́n omi tútù náà lè tán. Ní Kalifọ́níà, chinook ìgbà òtútù kò lè dé orí òkè tó ti ń yé ẹyin tẹ́lẹ̀ mọ́ nítorí dáàmù Shasta. Abẹ́ dáàmù ló ń yé e sí báyìí, omi tútù tí wọ́n ń tú sílẹ̀ ló sì ń dá ẹyin náà sí. Nígbà ọ̀dá 2014 àti 2015, omi tútù inú dáàmù kò tó, ẹyin àti ọmọ tó kú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀.

Ìtàn ẹja kan ṣoṣo tí ẹ sọ fún wa nígbà kan, ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Adágún kan wà ní Idaho tó ń jẹ́ Redfish, ìyẹn ni ẹja pupa, torí pé sockeye tó bá dé ibẹ̀ láti yé ẹyin ti pupa bí epo. Ibẹ̀ jìn sókun tó nǹkan bí 1,450 kìlómítà, ó sì ga tó 2,000 mítà. Dáàmù ńlá mẹ́jọ ló wà lójú ọ̀nà. Ní 1992, sockeye kan ṣoṣo ló dé ibẹ̀ láti òkun. Akọ ni. Kò sí abo kankan tó dúró dè é. Àwọn ará ibẹ̀ sọ ọ́ ní Lonesome Larry, Larry aládàáwà. Wọ́n gba àtọ̀ rẹ̀ pamọ́, wọ́n fi kún iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe láti dá ìran náà sí, ìran náà kò sì tíì parẹ́ títí dòní.

Mo ti sọ ìtàn yìí tó ìgbà mẹ́wàá, ó sì máa ń dùn mí lọ́kàn lákọ̀tun. Ẹja yẹn rìn dé. Ohun gbogbo tí wọ́n fi dá a ló lò, ó sì dé ilé tó ti dahoro.

Ṣé wọ́n lè wó dáàmù tí wọ́n ti kọ́?

Wọ́n ti ń wó o. Ní odò Elwha, ní ìpínlẹ̀ Washington, wọ́n wó méjì láàárín 2011 sí 2014. Ní Klamath tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìran Yurok, Karuk àti àwọn mìíràn tó ń jẹ sámọ̀n láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò gbàgbé òkú ẹja ọdún 2002. Wọ́n jà fún nǹkan bí ogún ọdún. Wọ́n parí wíwó mẹ́rin nínú àwọn dáàmù odò náà ní ọdún 2024. Kí oṣù kẹwàá ọdún náà tó parí, wọ́n ti rí sámọ̀n lókè ibi tí dáàmù wà, lápá ìpínlẹ̀ Oregon tí odò náà ti ń ṣàn wá, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Kò sẹ́ni tó kó wọn lọ síbẹ̀. Ọ̀nà là, wọ́n sì gba ibẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́: mi ò ní kí ẹnikẹ́ni wó dáàmù Ero. Omi tí ìlú púpọ̀ ń mu nìyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí a béèrè lórí gbogbo dáàmù, èyí tó wà àti èyí tí a fẹ́ kọ́: kí ló ń fún wa, kí ló sì ń gbà?

Igi orí ilẹ̀ ni, ẹja inú omi ni. Kí ló pa wọ́n pọ̀?

Òjìji. Odò tí igi bò lórí máa ń tutù ju èyí tó wà ní gbangba oòrùn lọ. Gbòǹgbò sì ń di ilẹ̀ mú. Bí àwọn agégẹdú bá ti kó igi etí odò lọ, òjò á gbá ilẹ̀ wọnú omi, ẹrọ̀fọ̀ á bo òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹyin wà láàárín rẹ̀, ẹyin kò ní rí omi tó mọ́ mí sí, á sì kú. Igi tó bá wó sínú odò fúnra rẹ̀ pàápàá ń ṣiṣẹ́: ẹ̀yìn rẹ̀ ni omi ti ń gbẹ́ kòtò jíjìn tí ọmọ ẹja ń sá sí.

Ẹja náà ń san án padà. Béárì máa ń wọ́ sámọ̀n wọ inú igbó, á jẹ díẹ̀, á fi ìyókù sílẹ̀ kó jẹrà. Àwọn onímọ̀ ti wo ara àwọn igi etí odò wọ̀nyẹn, wọ́n sì rí ajílẹ̀ tó ti inú òkun wá nínú wọn. Òkun ń bọ́ igbó, ẹja ló ń ru oúnjẹ náà.

Mo gbọ́ pé táyà ọkọ̀ ń pa ẹja. Àsọdùn kọ́ ni?

Kì í ṣe àsọdùn. Lágbègbè Seattle, ní ìpínlẹ̀ Washington, àwọn ènìyàn ń rí coho tó ń kú nínú odò ìgboro lẹ́yìn òjò, láàárín wákàtí díẹ̀ tó wọ ibẹ̀, tí ẹyin ṣì kún inú abo. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó ń pa wọ́n. Ní 2020 ni àwọn onímọ̀ rí i. Kẹ́míkà kan wà tí wọ́n ń fi sínú rọ́bà táyà kó má baà tètè là, 6PPD lorúkọ rẹ̀. Bó bá kan afẹ́fẹ́ ósóònù, á yí padà di májèlé fún coho. Táyà ń jẹ lórí títì lójoojúmọ́, eruku rẹ̀ wà nílẹ̀, òjò á wá gbá a lọ sódò.

Ẹ tún wo bí nǹkan méjì ṣe ń pàdé níbí. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá pẹ́, eruku táyà á gun ara wọn. Bí òjò bá wá rọ̀ lójijì, gbogbo rẹ̀ á wọ odò lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ọjọ́ tó ń yí padà ti ń mú irú ọ̀gbẹlẹ̀ gígùn àti òjò òjijì bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i níbi púpọ̀.

Bí ti inú odò bá le tó báyìí, ṣé òkun tutù fún un?

Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Láàárín 2014 sí 2016, omi gbígbóná kan tẹ́ lọ bẹẹrẹ ní àríwá ìlà-oòrùn Pàsífíìkì. Àwọn ẹ̀dá tíntìntín tó lọ́ràá, tí ẹja ń jẹ, dín kù níbẹ̀, àwọn tí kò lọ́ràá ló rọ́pò wọn. Ọmọ sámọ̀n tó dé òkun lásìkò yẹn bá tábìlì tí oúnjẹ gidi kò sí lórí rẹ̀.

Ọ̀gá, ẹlẹ́ja sísìn ni yín. Ṣé ẹja sísìn kọ́ ló máa gba sámọ̀n là?

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ sámọ̀n Àtìláńtíìkì tí wọ́n ń tà láyé lónìí, sísìn ni. Nọ́wè ló ń ṣe jù, ilẹ̀ kan náà tí òkòpòrókó wa ti ń wá. Ṣílè, Skọ́tláńdì àti Kánádà náà ń sìn ín. Àwọ̀n ńlá ni wọ́n ń ta sínú òkun, wọ́n á kó ẹja púpọ̀ sínú rẹ̀.

Ó pèsè oúnjẹ àti iṣẹ́, mi ò ní tan yín. Ṣùgbọ́n àwọ̀n kì í ṣe ògiri. Kòkòrò kan wà tó ń lẹ̀ mọ́ sámọ̀n bí eégbọn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ajá. Níbi tí ẹja bá ti pọ̀ nínú àwọ̀n, kòkòrò náà á pọ̀, á sì ran ọmọ sámọ̀n odò tó ń kọjá lọ. Bí òkun bá gbóná, á tètè bí sí i. Ẹja tó bá já àwọ̀n sá jáde á lọ bá ti odò gùn, ọmọ wọn kì í sì gbọ́n tó ọmọ ẹja odò. Ìjọba Kánádà ti kéde lọ́dún 2024 pé irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sí ní etíkun British Columbia, ìpínlẹ̀ wọn lápá ìwọ̀-oòrùn, mọ́ tó bá di ìparí oṣù kẹfà ọdún 2029.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ rẹ̀ ló kàn wá jù. Sámọ̀n ń jẹ ẹja. Ní Mọriténíà, Sẹ̀nẹ̀gà àti Gáḿbíà, àwọn ilé iṣẹ́ ń lọ ẹja kéékèèké irú ṣàwá di ìyẹ̀fun àti òróró tí wọ́n ń kó lọ sílẹ̀ òkèèrè fún ẹja sísìn. Ẹja tí tálákà etíkun ì bá fi jẹun alẹ́ nìyẹn. Èmi náà ń ra oúnjẹ tí ìyẹ̀fun ẹja wà nínú rẹ̀ fún àrọ̀ mi, nítorí náà mi ò lè nàka sí ẹlòmíràn nìkan. Mo ti ń fi ẹ̀wà sóyà dín in kù.

Ṣé gbogbo sámọ̀n ló ń tán lọ?

Rárá, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣòroó ṣàlàyé. Ní Bristol Bay, Àláskà, sockeye tó wọlé lọ́dún 2022 tó mílíọ̀nù 79, èyí tó pọ̀ jù nínú àkọsílẹ̀ ibẹ̀. Omi ibẹ̀ tutù púpọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ooru díẹ̀ ṣe ọmọ ẹja lóore, ó mú oúnjẹ wọn pọ̀ nínú adágún. Ohun mìíràn ni pé odò ibẹ̀ kò ní dáàmù, igbó rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Ní Àláskà kan náà, chinook odò Yukon ṣọ̀wọ́n débi pé, ní 2024, Àláskà àti Kánádà fẹnu kò pé kí ẹnikẹ́ni má pa á fún ọdún méje. Kalifọ́níà ti ìgbà pípa sámọ̀n lókun pa ní 2023 àti 2024. Ti Àtìláńtíìkì, àjọ IUCN, tó ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu àtiparẹ́ láyé sílẹ̀, sọ ní oṣù kejìlá 2023 pé ó ti dín ní ìdá 23 nínú 100 láàárín 2006 sí 2020, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò lára àwọn ẹ̀dá tí kò sí ewu fún.

Sámọ̀n inú agolo tí mo rà, ṣé kí n má jẹ ẹ́ mọ́?

Ẹ jẹ ẹ́. Bí ó bá ní Àláskà lára agolo, ti odò àti òkun ni, torí pé òfin Àláskà kò gba sísìn ẹja fún títà nínú àwọ̀n.

Kí ló kan ará Èkìtì nínú gbogbo èyí?

Ẹja wa kì í rin ìrìnàjò sámọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà kú. Àwọn àgbà tó ń pẹja ní odò Ogbese lè sọ fún yín irú ẹja tí wọ́n ń rí nígbà èwe wọn. Ẹ̀ẹ̀rùn ń gùn, odò kéékèèké tí a mọ̀ pé kì í gbẹ ti ń gbẹ ní oṣù kejì. Ìyẹn ni ti ojú ọjọ́. Ẹ wá wo ti ọwọ́ wa.

Àkọ́kọ́ ni oògùn. Oníkòkó l'Ékìtì mọ Gammalin 20, èyí tí wọ́n ń fín sí kòkó tẹ́lẹ̀ nítorí kòkòrò. Àwọn kan gbé e lọ sódò, wọ́n dà á sínú omi kí ẹja lè léfòó. Lindane ló wà nínú rẹ̀, májèlé tí àdéhùn Stockholm, tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí, ti fi sára àwọn tí ayé gbọ́dọ̀ fòpin sí láti ọdún 2009. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kó àgbà ẹja, ó pa ọmọ ẹja, ó pa kòkòrò tí ẹja ìyókù ì bá jẹ, ó sì tà á fún ìyá ẹlòmíràn lọ́jà. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí omi kò tó nǹkan, ife oògùn kan tó odò kan pa. Oògùn kan náà nínú omi púpọ̀ ti oṣù kẹsàn-án, agbára rẹ̀ ì bá ti dín kù.

Ti apakoríko náà wà níbẹ̀. Lọ́dún kan, ẹnì kan fọ ẹ̀rọ ìfínkó rẹ̀ sínú odò kékeré tí mo ń fa omi rẹ̀. Mo pàdánù ọmọ ẹja adágún kan tán. Kò mọ̀ọ́mọ̀, ó sì tọrọ àforíjì. Bí omi bá kún lọ́jọ́ náà, bóyá mi ò ní mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ rárá.

Ti yanrìn ni mo fi máa parí èyí. Ẹ lọ wo etí odò Ureje nígbà tí òjò bá rọ̀, bí omi ṣe ń pọ́n bí àmọ̀. Ilẹ̀ tí a hú igi rẹ̀ láti fi kọ́lé, tí a ro títí dé bèbè omi, ló ń ṣàn lọ yẹn. Ó ń kún dáàmù, ó sì ń bo ibi tí ẹ̀pìyà ń gbẹ́ ìtẹ́ sí.

Odò kékeré kan wà lẹ́yìn ilé mi. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ fi igi àti koríko sílẹ̀ ní bèbè rẹ̀, kí ẹ má ro oko kan omi. Ẹsẹ̀ bàtà ọgbọ̀n níhà kọ̀ọ̀kan dára, mẹ́wàá sàn ju òfo lọ. Níbi tí ẹ bá ti gé e, ẹ gbin ọparun tàbí igi mìíràn tó fẹ́ràn omi. Ẹ fọ ẹ̀rọ ìfínkó sórí ilẹ̀ oko, níbi tó jìn sódò. Bí ẹ bá ń fa omi fún ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀rùn, ẹ má fà á tí ìṣàn rẹ̀ á fi já. Bí ẹnì kan bá ń da oògùn sódò yín, ẹ sọ fún baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn apẹja kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n máa ń tètè dá sí i.

Kí ẹ sì mọ bí omi yín ṣe gbóná tó. Mo ní tẹmómítà mẹ́ta tí mo ń yá àwọn ènìyàn. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀, ẹ tún wọ̀n ọ́n ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ní abẹ́ igi àti ní gbangba, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún oṣù kan. Ọmọ iṣẹ́ mi tó gbé fóònù wá lọ́jọ́ náà ti ń ṣe é ní odò ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Láàárín abẹ́ igi ìrókò ibẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti gé igi, ìyàtọ̀ tó ń rí lọ́sàn-án tó 3°C.